Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ìròyìn ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, tí òfin òṣìṣẹ́ kò mọ̀

Gbólóhùn kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó sọ ọ́ kò bínú, kò sì ní ẹnikẹ́ni sínú. Ó kàn ń ṣàlàyé bí nǹkan ṣe rí ni, nípa akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ó ní: "Bí a bá fún un lówó pẹ́nrẹ́n, gbogbo ìyókù ló máa tẹ̀lé e wọlé." Mo ti gbọ́ ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìpàdé. Àmọ́ èyí há sí mi lọ́kàn nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọ̀rọ̀ kan mu wẹ́kú, ọ̀rọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ìlà sí nídìí nínú ìwé tó wà lórí tábìlì mi. Ẹni tí ìwé ọ̀hún sì ń bá wí ló sọ tibẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ìròyìn ìwádìí àwọn àjọ ṣe kó tó jáde. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni ọ̀pọ̀ wọn ń bójú tó: owó iṣẹ́ tí ọ̀gá kò san, iṣẹ́ àfipáṣe, ìwé ìrìnnà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tó wá ṣiṣẹ́ láti òkèèrè. Ọ̀kan nínú àwọn àjọ náà fẹ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tí yóò wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn fún oṣù díẹ̀. Wọ́n ní kí n bá wọn jókòó níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, torí pé èmi àti ẹni tí wọ́n bá mú la jọ máa ṣiṣẹ́ lórí ìròyìn tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wá irú àyè bẹ́ẹ̀ rí mọ bí ìpolówó rẹ̀ ṣe máa ń rí. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kó gbọ́ èdè méjì, ó kéré tán. Kó mọ òfin díẹ̀. Kó lè ka ẹ̀rí àwọn òṣìṣẹ́, kó tò ó bó ṣe yẹ, kó sì kọ orí méjì tàbí mẹ́ta nínú ìròyìn kí àwọn àgbà tó fọwọ́ kàn án. Ìlà tó kẹ́yìn ló wá sọ pé kò sí owó oṣù.

## Ìbéèrè ọmọbìnrin náà

Ọmọbìnrin kan ló kẹ́yìn nínú àwọn tí a bá sọ̀rọ̀ lórí fídíò lọ́jọ́ náà. Ó dáhùn dáadáa. Ó ti ka ìròyìn tí àjọ náà gbé jáde tẹ́lẹ̀, ó sì fi ọgbọ́n sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó fún wa. Nígbà tó yá, a bi í ní ohun tí wọ́n máa ń bi gbogbo èèyàn nígbẹ̀yìn, pé ṣé ó ní ìbéèrè. Ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ ni àwọn tó ṣáájú rẹ̀ béèrè. Tirẹ̀ yàtọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo rí i nínú ìpolówó pé ẹni tẹ́ ẹ bá mú máa bá yín lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ láti gba ẹ̀rí lẹ́nu wọn. Bí mo bá fara pa lọ́nà, ta ni yóò sanwó ilé ìwòsàn? Bí ẹnì kan nínú ọ́fíìsì bá sì ń yọ mí lẹ́nu, ìlànà wo ni mo máa tọ́ka sí tí mo bá fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn?"

Obìnrin tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni ìbéèrè náà kàn. Ó ṣí ìwé kan, ó tún pa á dé. Ó ní ìwé ìlànà wọn kò kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́, torí wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́, pé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló yẹ kó bi. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo ti bi wọ́n, mà. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ yín ni kí n ti béèrè."

Lẹ́yìn tó kúrò lórí ẹ̀rọ, mo béèrè bóyá àjọ náà kò lè wá nǹkan díẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá mú, ì báà ṣe owó ọkọ̀ àti owó ilé. Olùdarí ló dáhùn. Èèyàn dáadáa ni. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún àwọn tí kò ní agbẹnusọ. Ó ní owó náà fúnra rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro, wọ́n lè wá a. Ohun tó ń tẹ̀lé owó ni wàhálà: ìwé àdéhùn, adójútòfò, owó orí, ìsinmi, ètò ìfẹjọ́sùn. Ibẹ̀ ló ti sọ gbólóhùn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ yìí.

Ìwé tó wà lórí tábìlì mi lọ́sẹ̀ náà dá lórí àwọn tó ń fi ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ gbé ẹrù fún ilé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé iṣẹ́ náà ní wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ òun, pé alábàáṣe ni wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ti ṣàlàyé fún àwọn olùwádìí pé bí àwọn bá gbà pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n, adójútòfò, ìsinmi àti gbogbo ìyókù yóò tẹ̀lé e. Mo ti fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, mo sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n gbé e síwájú, torí ibẹ̀ ni ojú òǹkàwé máa là. Àjọ tó kọ ìwé náà ni àjọ tí mo bá jókòó.

Mi ò sọ nǹkan kan fún olùdarí náà lọ́jọ́ yẹn. Ká sòótọ́, kì í ṣe pé ẹ̀rù bà mí. Mo ṣì ń wò ó pé ó ṣeé ṣe kí ó tọ̀nà.

## Ohun tí owó ń mú wọlé

Ó sì tọ̀nà, ní ti òfin. Ohun tó wá ń dà mí láàmú nìyẹn. Nígbà tí àwa èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ ìkọ́ṣẹ́ tí kò lówó, ebi la máa ń sọ: báwo ni ọmọ náà ṣe máa san owó ilé, ta ni yóò máa bọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ebi nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, owó iṣẹ́ ni òfin fi ń dá òṣìṣẹ́ mọ̀. Ẹni tí kò bá gba owó, òfin lè kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní Amẹ́ríkà tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú àwùjọ lọ ṣe ìkọ́ṣẹ́ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ béèrè ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ kan ní ìpínlẹ̀ New York. Ó ní dókítà kan níbẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ yọ òun lẹ́nu. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Aráàlú ti 1964, èyí tó ní kí wọ́n má ṣe tìtorí pé ẹnì kan jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin fìyà jẹ ẹ́ níbi iṣẹ́. Ní 1997, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ ní kò lè fi òfin náà pe ilé ìwòsàn náà lẹ́jọ́. Àwọn adájọ́ kò sọ pé irọ́ ló ń pa. Wọ́n ní kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ilé ìwòsàn náà, kò ní adójútòfò ìlera, kò ní ìsinmi tàbí owó àìsàn, wọn kò sì ṣèlérí ọ̀kankan nínú wọn fún un. Nítorí náà, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Ẹ tún àwọn ohun tí wọ́n kà yẹn kà dáadáa. Àìsí adójútòfò àti àìsí ìsinmi, tó jẹ́ ìyà fún akẹ́kọ̀ọ́ náà, ni wọ́n wá fi ṣe ẹ̀rí pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ààbò. Ìyà kan ló bí ìyà kejì.

Irú ẹ̀ tún wáyé ní 2013. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní ìlú New York pẹjọ́ pé ọ̀gá òun fẹ́ fipá fẹnu ko òun lẹ́nu. Adájọ́ dá apá yẹn nínú ẹjọ́ rẹ̀ nù, nítorí pé Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ìlú náà kò kan ẹni tí kò gba owó. Ọ̀rọ̀ yẹn bí aráàlú nínú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 2014, ìlú New York tún òfin náà ṣe kó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, yálà wọ́n ń gba owó tàbí wọn kò gbà á. Ìpínlẹ̀ New York náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan náà. Ìpínlẹ̀ Oregon ti ṣáájú wọn ní 2013. Ẹ jẹ́ ká rántí àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Kò tíì pẹ́ rárá.

## Ọ̀sẹ̀ kan lójú irin

Ibo ni èrò yìí ti wá, pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́? Ní Amẹ́ríkà, a lè tẹ̀lé e padà dé ojú irin. Òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ jáde níbẹ̀ ní 1938. Ní 1947, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbọ́ ẹjọ́ nípa ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan tó máa ń kọ́ àwọn ọkùnrin ní iṣẹ́ bíréèkì ọkọ̀ kó tó gbà wọ́n síṣẹ́. Nǹkan bí ọjọ́ méje tàbí mẹ́jọ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ń gbà. Wọn kò gbapò òṣìṣẹ́ kankan; kódà wọ́n máa ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn nígbà míì, torí ẹlòmíì ní láti máa ṣọ́ wọn. Ilé ẹjọ́ ní irú àwọn wọ̀nyí kì í ṣe òṣìṣẹ́ lábẹ́ òfin náà.

Mi ò rí àléébù lára ìdájọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ kan ni, ẹni tó wá kọ́ṣẹ́ sì ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn ni. Ohun tí wọ́n wá fi ìdájọ́ ọ̀sẹ̀ kan yìí gbé ró lẹ́yìn náà ni mo rí àléébù sí. Ní 2010, Ilé Iṣẹ́ Ìjọba fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ṣì ń sọ pé bí agbanisíṣẹ́ aládàáni bá ń jèrè lójú ẹsẹ̀ lára ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, kó sanwó fún un. Ẹjọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ lórí fíìmù kan ló yí i padà. Adájọ́ ní kí wọ́n ka àwọn ọ̀dọ́ náà sí òṣìṣẹ́ ní 2013. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà dà ní 2015, ó ní ohun tó yẹ ká wò ni ta ló jèrè jù nínú àwọn méjèèjì. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, ilé iṣẹ́ ìjọba náà gba òṣùwọ̀n yìí wọlé.

Ta ló jèrè jù? Ìbéèrè náà dùn létí títí a ó fi fẹ́ dáhùn rẹ̀. Kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun tí kì í kọ́ nǹkan. Agbẹjọ́rò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí ń kẹ́kọ̀ọ́, owó oṣù rẹ̀ sì ń wọlé. Bí ẹ̀kọ́ bá lè rọ́pò owó, á jẹ́ pé bí iṣẹ́ bá ṣe ní làákàyè nínú tó ni wọ́n ṣe lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ tó, ẹni tó ń fọ ilẹ̀ ọ́fíìsì náà nìkan ni kò sì sí bí wọ́n ṣe máa ní kó ṣe é nítorí ẹ̀kọ́.

Ẹni tó bá sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tirẹ̀ tún le sí i. Ẹ wo òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti 1998. Òun àti àwọn ìlànà tó wà lábẹ́ rẹ̀ yọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìkọ́ṣẹ́ tó jẹ́ ara ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀, bí ìkọ́ṣẹ́ náà kò bá ju ọdún kan lọ. Ó tún yọ àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn fún àjọ aláàánú sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òṣùwọ̀n tí mo sọ lókè yìí wà fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń wá èrè. Àjọ aláàánú ní àyè tó gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ láti lo ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ní Jámánì, nígbà tí òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ bẹ̀rẹ̀ ní 2015, kò kan ìkọ́ṣẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ sọ di dandan. Ilẹ̀kùn méjì ni wọ́n ń gbà jáde kúrò lábẹ́ òfin: ti akẹ́kọ̀ọ́, àti ti àjọ aláàánú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá sí àjọ ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ gba méjèèjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọbìnrin inú fídíò yẹn gba àyè náà nígbà tí wọ́n mú un, ẹ má ṣe rò pé ó kọ̀ ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní fún un níwèé ẹ̀rí tí kò bá ṣe ìkọ́ṣẹ́. Owó ilé ẹ̀kọ́ sì ń lọ ní gbogbo oṣù tó fi máa wà níbẹ̀. Ó ń sanwó kó tó lè ṣiṣẹ́.

## Ẹni tó máa dáṣọ fún ni

Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́, ìyẹn ILO, ti wà láti 1919. Ní 1944, ìkéde tí wọ́n ṣe ní Philadelphia sọ ọ́ ní ìlà àkọ́kọ́ àwọn ìlànà rẹ̀ pé iṣẹ́ kì í ṣe ọjà. Ìkéde Káríayé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti 1948, ní abala 23, ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó tó tọ́, tó sì lè mú kí òun àti ìdílé rẹ̀ gbé ìgbé ayé tó yẹ ọmọ èèyàn. Gbogbo àjọ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ló ń tọ́ka sí abala yẹn. Mo ti rí i débi pé mi ò kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì mọ́ tí mo bá ń ṣàtúnṣe.

Èyí tó wúlò jù fún ọ̀rọ̀ wa kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀. Ní 2006, ILO gbé Ìmọ̀ràn kan jáde, nọ́ńbà 198, lórí bí a ṣe lè mọ ẹni tó jẹ́ òṣìṣẹ́. Ó ní kí wọ́n má ṣe gbára lé ohun tí ìwé àdéhùn pè é. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni kí wọ́n wò. Ta ló ń pàṣẹ? Ta ló ń yan àkókò? Irú èrò yìí náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò ní oṣù kejì ọdún 2021, nígbà tó ní àwọn awakọ̀ Uber lẹ́tọ̀ọ́ òṣìṣẹ́ láìka ohun tí ilé iṣẹ́ náà kọ sínú ìwé sí. Ìròyìn tó wà lórí tábìlì mi kún fún Ìmọ̀ràn 198 yìí. Wọ́n lò ó dáadáa.

Ẹ bá mi fi í wo akẹ́kọ̀ọ́ náà. Aago tí ọ́fíìsì yàn ló ń dé. Iṣẹ́ tí ọ̀gá yàn ló ń ṣe. Kọ̀ǹpútà wọn ló ń lò, ìròyìn wọn ló ń kọ, wọn ò sì jẹ́ rí ìròyìn ọ̀hún gbé jáde lásìkò láìsí i. Gbogbo àmì ló pé, àfi ọ̀kan: Ìmọ̀ràn náà fúnra rẹ̀ ka owó tí èèyàn ń gbà déédéé mọ́ àwọn àmì òṣìṣẹ́. Awakọ̀ Uber ní owó tó lè fi han adájọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní. Ọ̀gá tó ń san owó kékeré wà nínú ewu òfin. Ẹni tí kò san kọ́bọ̀ wà ní ìrọ̀rùn. Ohun tí olùdarí yẹn sọ nìyẹn láìmọ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Mo mọ̀ pé òwe yìí ti gbó lẹ́nu àwọn tó ń bú àjọ aláàánú, mi ò sì fẹ́ fi bú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń lọ gba ẹ̀rí lẹ́nu wọn náà máa ń wò. Wọ́n máa ń bi àwọn tó wá pẹ̀lú ìwé àti ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ pé: ìwọ ńkọ́, èló ni wọ́n ń san fún ọ?

## Ìbéèrè tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, ìròyìn gba ayé kan pé ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ New Zealand kan, ẹni ọdún 22, tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Geneva, ń sùn nínú àgọ́ létí adágún. Ó fi ipò náà sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jẹ́wọ́ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó kéré tán lápá kan, kí ayé lè rí ohun tó ń lọ. Ọ̀rọ̀ náà wá di pé àwọn ọmọ olówó nìkan ló lè dé Geneva. Òótọ́ ni, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n, mi ò ní tún un sọ.

Ohun tí n kì í sábà gbọ́ ni ipa tó ń ní lórí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan nìyí. Àjọ kan fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí mi rí, èyí tí wọ́n fẹ́ fi gba ẹ̀rí lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rù. Ó béèrè iye owó oṣù, iye wákàtí, bóyá ìwé àdéhùn wà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà lọ́dọ̀ wọn nígbà náà, tó ti ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rù rí láti fi sanwó ilé ẹ̀kọ́, wò ó, ó ní ẹ kò béèrè ọjọ́ tí owó ń wọlé. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, iye owó kọ́ ni wọ́n fi ń rẹ́ wọn jẹ, ọjọ́ ni. Owó á pé, ṣùgbọ́n á pẹ́, ẹni tí owó rẹ̀ bá sì pẹ́ á yá owó lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀gá á yọ èlé. Wọ́n fi ìbéèrè kan péré kún fọ́ọ̀mù náà, ìdáhùn rẹ̀ ló sì wá gba orí kan gbáko nínú ìròyìn.

Ọmọkùnrin náà kò sí níbẹ̀ nígbà tí ìròyìn jáde. Ó ti kúrò láàárín méjì, torí ó rí iṣẹ́ tó ń sanwó. Àwọn tó kù parí rẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ dáadáa. Àmọ́ mo máa ń ronú nípa iye ìbéèrè tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù nítorí pé ẹni tó máa béèrè rẹ̀ kò lè wá. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn tó lè wá ló ń di olùdarí, àwọn ló ń bá ìjọba jókòó láti kọ òfin, àwọn ló ń pinnu ẹni tí òfin á yọ sílẹ̀. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìgbà tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ láìgbowó, ìgbà ayọ̀ ni lójú wọn, torí ẹlòmíì ló ń san owó ilé wọn.

## Owó kì í jábọ́ láti ọ̀run

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń fi gbèjà ètò yìí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ ìmọ̀, àjọ fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Àwọn àjọ kékeré kan wà tí olùdarí wọn fúnra rẹ̀ kò gba owó oṣù déédéé. Bí wọ́n bá sì ní kí gbogbo ìkọ́ṣẹ́ máa lówó lórí, àyè á dín kù. Mo gbà. Á dín kù lóòótọ́. Lójú tèmi, akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó ń gbowó sàn ju mẹ́fà tí kò gbà á lọ, kódà fún àjọ náà, torí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún ni wọ́n máa ń fara balẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n á ní kó lọ to fáìlì.

Àmọ́ àwọn ńlá ńkọ́? ILO ń fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lówó. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fún wọn tẹ́lẹ̀. Àpérò àwọn orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìpinnu ní 2018, owó bẹ̀rẹ̀ ní 2020, wọ́n sì fi kún un pé, tó bá di 2022, ó kéré tán ìdajì àwọn tí wọ́n ń gbà gbọ́dọ̀ wá láti orílẹ̀-èdè tí kò lówó tàbí tó wà láàárín. Ní 2017, aṣọ́jú aráàlú fún Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ fún ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè pé kí wọ́n máa sanwó fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ láwọn ọ́fíìsì wọn lókè òkun. Ilé ààrẹ Amẹ́ríkà, White House, kò sanwó fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí di 2022, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní dọ́là 750 lọ́sẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí tí owó jábọ́ sí lọ́wọ́ láti ọ̀run. Ẹnì kan ló kọ ìlà kan sínú ètò ìṣúná. Olú ilé iṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní tirẹ̀ kò tíì kọ ìlà yẹn.

Nípa Bẹ́ljíọ̀mù, àjọ àwọn ọ̀dọ́ Yúróòpù kò dúró de ìṣúná ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé orílẹ̀-èdè náà lọ síwájú Ìgbìmọ̀ Yúróòpù fún Ẹ̀tọ́ Àwùjọ ní 2017. Nígbà tí ìdájọ́ jáde ní 2022, ìgbìmọ̀ náà ní Bẹ́ljíọ̀mù jẹ̀bi, torí pé àwọn tó ń bẹ ilé iṣẹ́ wò níbẹ̀ kò gbìyànjú tó láti ṣàwárí iṣẹ́ tí wọ́n fi orúkọ ìkọ́ṣẹ́ bò mọ́lẹ̀. Èyí wú mi lórí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Òfin tó dára ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn ni kò sí. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ kì í sì pẹ́ níbì kan débi tí wọ́n á fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, oṣù mẹ́ta sì kéré fún ejò láti rìn pọ̀.

Fún àjọ tí kò lówó rárá, ohun tí New York ṣe ní 2014 fi hàn pé wọ́n lè ya ààbò sọ́tọ̀ kúrò lára owó. Kí wọ́n fi ìlà kan sínú ìwé ìlànà wọn pé ètò ìfẹjọ́sùn wà fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ náà. Kí wọ́n ra adójútòfò fún ẹni tí wọ́n bá rán jáde. Kí ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ mọ ní méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ kó lè rí ibòmíì ṣiṣẹ́ owó. Kí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìròyìn tó bá kọ. Èyí kò tó, mi ò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe àwáwí láti má sanwó. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ṣí ìwé tó tún pa á dé lọ́jọ́ yẹn ì bá ti rí nǹkan kà fún ọmọbìnrin náà.

Mo bá olùdarí náà sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn. Mo fi gbólóhùn ọ̀gá ilé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ránṣẹ́ sí i, mo sì kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó pè mí. Kò jà. Ó ní àwọn onígbọ̀wọ́ máa ń béèrè ìwé ìlànà lórí ààbò ọmọdé, lórí ìbàjẹ́, lórí àyíká, pé láti ìgbà tí òun ti ń tọrọ owó, kò sí onígbọ̀wọ́ kan tó béèrè iye èèyàn tó ṣiṣẹ́ lórí ìròyìn kan láìgbowó. Ó ní bí wọ́n bá béèrè, òun á kọ ọ́ sínú ìṣúná lọ́jọ́ náà. Mo gbà á gbọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe ń fi ìlà kan kún ojú ewé tí àwọn àjọ fi ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe ìwádìí wọn. Ojú ewé yẹn máa ń sọ iye òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ìlú tí wọ́n dé àti èdè tí wọ́n lò. Mo ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n sọ àwọn tó gba ẹ̀rí náà pẹ̀lú, àti iye tó gbowó nínú wọn. Àjọ kan ti fi í sílẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́. Òmíràn yọ ọ́, wọ́n ní àwọn onígbọ̀wọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. Mo dá èsì padà pé ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn, mo sì tún kọ ọ́ padà síbẹ̀.